Obìnrin tó lọ́kọ, ọmọ ibo ni? Èsì fún àbúrò tó ń ṣe ìwádìí lórí obìnrin àti òṣèlú

Àbúrò mi, o ní ọ̀gá tó ń mójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ dá orí ọ̀rọ̀ rẹ padà, pé "akọ, abo, ìdánimọ̀ àti òṣèlú ní Nàìjíríà" ti fẹ̀ jù, kí o lọ dín in kù. O tún bèèrè bí èèyàn ṣe ń rí obìnrin òṣèlú tó máa sọ tinú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ò purọ́ o, orí ọ̀rọ̀ yẹn tó iṣẹ́ fún odindi ẹ̀ka kan ní yunifásítì. Orí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ òṣèlú ní Ìbàdàn àti Ọ̀ṣun ni mo ti ṣe máàsítà tèmi, ojú mi sì rí tó kí n tó parí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o mú: obìnrin tó bá lọ́kọ sí ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀, ọmọ ibo ni òṣèlú ń kà á sí? Má rò pé ó kéré. Gbogbo ohun tí o tò sórí ìwé yẹn ti pàdé síbẹ̀, o sì lè rí i lójúkojú: nínú òfin, nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀, àti lẹ́nu àwọn tó wà ní ìpàdé wọ́ọ̀dù.

Inú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Abala 318 ṣàlàyé ẹni tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí àgbà rẹ̀, bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Wọn ò dárúkọ ìgbéyàwó níbẹ̀ rárá. Abala 147 ní kí Ààrẹ yan mínísítà láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ẹnì kan, kí onítọ̀hún sì jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wá ka abala 65, 106 àti 177, ti àwọn tó fẹ́ díje sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tàbí sípò gómìnà. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìwé kíkà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ ìbílẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá sọ fún obìnrin ní wọ́ọ̀dù pé kò lè gba fọ́ọ̀mù ìdíje torí pé ìyàwó ni, òfin kọ́ ló ń sọ̀rọ̀. Èyí nìkan tó orí kan nínú ìwé rẹ. Àìmọye akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti rí tó máa kọ "àṣà ló fà á" láìyẹ ìwé òfin wò lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ọ̀rọ̀ Adájọ́ Ifeoma Jombo-Ofo. Ní oṣù kọkànlá 2012, ó wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ búra fún sílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ọmọ Anambra ni, Abia ni ọkọ rẹ̀ ti wá, orúkọ ìpínlẹ̀ Abia ni wọ́n sì fi yàn án. Aloma Mukhtar, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà Nàìjíríà, kò búra fún un lọ́jọ́ náà nítorí ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ yìí. Ariwo ta, nígbà tó yá wọ́n búra fún un. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà torí pé kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtàn ọkùnrin ìkà àti obìnrin tí ìyà ń jẹ. Obìnrin ló wà níhà méjèèjì.

Tún wo ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, nígbà tí àwọn aṣòfin àpapọ̀ dìbò lórí àtúnṣe òfin. Ó wà nínú àwọn àbá náà pé kí obìnrin tó ti pẹ́ nílé ọkọ lè di ọmọ ìpínlẹ̀ ọkọ rẹ̀, kí àyè pàtó wà fún obìnrin nílé aṣòfin, kí ọkọ ilẹ̀ òkèèrè tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ orílẹ̀-èdè, bí abala 26 ṣe fàyè gba ìyàwó. Wọ́n dà wọ́n nù. Àwọn obìnrin lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin l'Ábújá. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹjọ oṣù náà, ilé aṣojú-ṣòfin ní àwọn máa tún mẹ́ta yẹ̀ wò. Nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àwọn àtúnṣe ní 2023, kò sí ọ̀kankan nínú wọn níbẹ̀. Lọ ka ohun tí àwọn aṣòfin sọ lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn wúlò ju iye ìbò lọ.

Ó kù ti àwọn obìnrin fúnra wọn, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ọ̀gá tèmi nígbà náà, kí Ọlọ́run fọ̀rọ̀ rẹ̀ sí rere, taku pé ìwé ìbéèrè tí èèyàn ń máàkì ni òun fẹ́, "mo gbà gidigidi," "mo gbà," "mi ò gbà," kí á lè ka iye. Mo tẹ̀ wọ́n, mo pín wọn. Ìyá kan, tó jẹ́ wúmà lídà, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òṣèlú, ní wọ́ọ̀dù kan, jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àpò èlùbọ́ yí i ká, ọkọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé "ẹbí ọkọ mi ń tì mí lẹ́yìn nínú òṣèlú," ó máàkì "mo gbà gidigidi." Fóònù ọkọ dún, baba dìde lọ síta. Ìyá ò wo ojú mi, ó ń fi ọwọ́ gbá èlùbọ́ tó dà sórí tábìlì jọ, ó ní: "Nílé yìí, ìyàwó ni mí. Nílé bàbá mi, wọ́n ní mo ti lọ sílé ọkọ. Níbo ni kí n ti wá dìbò àbẹ́lé?" Nígbà tí baba padà wọlé, ó bèèrè iye tí mò ń ra èlùbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mo mú ìwé ìbéèrè náà fún ọ̀gá mi torí pé ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi kọ ìwé mi. Ìwọ náà, bẹ ọ̀gá rẹ kó gbà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má sì bèèrè pé "ìdènà wo lẹ ní?" Wọ́n á ka ohun tí wọ́n gbọ́ ní sẹ́mínà fún ọ. Bèèrè pé: "Ìlú wo lẹ kọ sórí fọ́ọ̀mù?" "Ta ló bá yín gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀?" "Kí ni akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ sọ?" Ìtàn á máa tú jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni akọ̀wé ti lé lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ ọkọ, tí ti ọkọ sì dá wọn padà sí ti bàbá, bẹ́ẹ̀ Federal Character Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí pípín ipò láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ti ní ìlànà tó sọ pé ìpínlẹ̀ tí obìnrin ti wá náà ni yóò máa jẹ́ tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Mi ò tíì pàdé akọ̀wé kankan tó mọ̀ ọ́n.

Wọ́n á bi ìwọ náà. "Ìyàwó ilé ta ni ẹ́? Ọmọ ta ni?" Mo kíyè sí i pé bí mo bá dáhùn pẹ̀lú ilé bàbá mi, àwọn ìyá á máa bá mi sọ̀rọ̀ bí ọmọ, bí mo bá dárúkọ ilé ọkọ, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ á fara balẹ̀ sí i, àwọn obìnrin á sì ṣọ́ ẹnu wọn. Kọ èyí tí o sọ àti ibi tí o ti sọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. Ẹ̀rí ni òun náà.

Ìwé ìgbàṣẹ tí ilé ìwé máa ní kí àwọn tí o bá sọ̀rọ̀ buwọ́ lù, múra sí i. Ẹni tó bá ti ṣe òṣèlú rí mọ ohun tí ìwé tó buwọ́ lù lè dà lọ́la, torí náà wọ́n á gbé e padà fún ọ láìsọ̀rọ̀. Kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ náà jẹ́ kí àwọn obìnrin fi ẹnu gbà, kí o gba ohùn wọn sílẹ̀. Tèmi pẹ́ gan-an lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyí tí mo fi ní kí o tètè kọ ọ́.

Ti orúkọ ńkọ́? Yíyọ orúkọ nìkan ò tó. Wúmà lídà kan ṣoṣo ló wà fún ẹgbẹ́ kan ní wọ́ọ̀dù kan. Bí o bá kọ "wúmà lídà, wọ́ọ̀dù báyìí," o ti dárúkọ rẹ̀ tán. Yọ wọ́ọ̀dù, yọ ọjà, yọ ohun tó ń tà bó bá jẹ́ òun nìkan ló ń tà á. Èlùbọ́ kọ́ ni ìyá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń tà.

Bó bá sì jẹ́ ìtàn àtijọ́ lo fẹ́ràn ju ọ̀rọ̀ àwọn alààyè lọ, àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì wà ní Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn. Gba lẹ́tà láti ẹ̀ka rẹ kí o tó lọ. Gbogbo ayé ló ń kọ̀wé lórí ìjà owó orí tó kó àwọn obìnrin Abẹ́òkúta lọ jà, bí Aláké Adémọ́lá ṣe fi oyè sílẹ̀ ní 1949. Wo ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, 1959, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC kò fa Ransome-Kútì kalẹ̀ fún ìdìbò, obìnrin tó ti kó ìdajì ìlú jáde sí títì. Ibẹ̀ ni èmi ì bá lọ bó bá jẹ́ pé mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Fi ìbéèrè rẹ ránṣẹ́ kí o tó tẹ̀ ẹ́, mo máa bá ọ wò ó. Má fi ti pé "ṣé ọkọ yín fọwọ́ sí i?" ṣe àkọ́kọ́.