Èsì: Àáró yàtọ̀ sí ọ̀wẹ̀

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ṣé ọ̀kan náà ni àáró àti ọ̀wẹ̀ láyé àtijọ́. Rárá o.

Gbèsè iṣẹ́ ni àáró. Àwọn ọ̀rẹ́ mélòó kan tí agbára wọn dọ́gba ló ń yí oko ara wọn ká. Ebè ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́: bí ẹ bá kọ igba ebè fún mi lónìí, igba ni mo jẹ yín. Bí ara ẹnì kan ò bá yá, a rán ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ wá. Ohun tó sábà ń da àáró rú ni pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sá, tí àsìkò á sì kọjá lórí oko ẹni tó kẹ́yìn.

Ọ̀wẹ̀ ní tirẹ̀, onílé ló ń bẹ èrò: ilé mímọ, òrùlé, oko àna. Kò sí kíkà níbẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni. Àmọ́ ìpele-ìpele ni wọ́n ń mọ ògiri amọ̀, ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Ẹni tó bá fi oúnjẹ ṣahun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun nìkan ni yóò gbé ìpele kejì.