Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Ń Bi Mínísítà Léèrè Lórí Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè?

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ló dá lórí bí àwọn aṣòfin wa l'Ábújá ṣe ń bi ìjọba léèrè ohun tó ń ṣe lókè òkun. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń wo ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣàn. Mínísítà wọn á dìde, wọ́n á máa da ìbéèrè bò ó lọ́tùn-ún lósì. Kí ló dé tí tiwa kì í rí bẹ́ẹ̀? (Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òkè-Elérìn, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ibi tí mínísítà jókòó sí ni ìyàtọ̀ wà, Tíṣà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àárín àwọn aṣòfin ni wọ́n ti ń mú mínísítà, ọmọ ilé sì ni. Iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀ láti dáhùn. Ti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń kàn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún síra wọn. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yín níbẹ̀, wà nílé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó, inú ilé kan náà ló sì wà nígbà tó di mínísítà ìbánisọ̀rọ̀ àti ọkọ̀ òfuurufú ní 1957.

Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 tí à ń lò báyìí ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Abala 147 sọ pé aṣòfin tó bá gba ipò mínísítà ti fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, mínísítà wa kì í dé ilé àfi tí wọ́n bá pè é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè é, abala 67 sọ ọ́ di dandan pé kí ó wá ṣàlàyé bí iléeṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Abala 88 fún ilé méjèèjì lágbára láti ṣèwádìí. Abala 89 ní kí wọ́n fi ìwé pe ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó wá jẹ́rìí, bó bá sì kọ̀, kí wọ́n fi wọ́ránti gbé e wá. Agbára wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń lò ó dójú àmì ni kò tíì pọ̀ tó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù ní Kumasi. Àwọn kan wá, wọ́n ní àjòjì kò gbọ́dọ̀ tajà níbẹ̀, wọ́n fi àgádágodo tì í. Wọ́n ní kí n lọ bá aṣòfin wa. Kí ni kí n mú lọ, kí ni yóò sì ṣe sí i? (Oníṣòwò aṣọ, Tákíé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Ọ̀rọ̀ Gáná kì í ṣe àjèjì létí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ṣì ń sọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Kumasi àti Tamale. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba wa nígbà náà, ogun abẹ́lé kò sì tíì parí. Kò sí aṣòfin kankan tí ì bá pe ẹnikẹ́ni kó wá ṣàlàyé. Ẹ̀yin ní aṣòfin lónìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó jókòó lásán.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí í ṣe aṣojú yín. Ògbómọ̀ṣọ́ North, Ògbómọ̀ṣọ́ South àti Oríire ní ẹnì kan nílé aṣojú-ṣòfin. Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa ní ẹlòmíràn. Ti sẹ́nétọ̀ tún yà sọ́tọ̀: Ògbómọ̀ṣọ́ méjèèjì àti Oríire wà ní Ọ̀yọ́ North, Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa sì wà ní Ọ̀yọ́ Central. Ìwé tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe aṣojú yín máa ń sùn sínú dúrọ́ọ̀ ni.

Ìwé ẹ̀sùn ni ẹ ó kọ, kí ẹ̀gbọ́n yín fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju ojú ewé méjì lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n tilẹ̀kùn, orúkọ ọjà, ẹni tó wá tì í (ṣé ọlọ́pàá ni, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba, àbí ẹgbẹ́ ọlọ́jà?), àti iye ọjà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ so ẹ̀dà ìwé wọ̀nyí mọ́ ọn: ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò ní Gáná, rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìgbélùú, fọ́tò àgádágodo náà pẹ̀lú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, àti lẹ́tà tí ẹ kọ sí ọ́fíìsì aṣojú Nàìjíríà ní Accra. Ìwé ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń ká mínísítà lọ́wọ́ kò, nítorí kò ní lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò fi tó òun létí. Bí ẹjọ́ náà bá ti wà nílé ẹjọ́, ẹ sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀, torí ilé kì í dá sí ohun tó wà níwájú adájọ́.

Ọ̀nà méjì ni aṣòfin yín lè gbà. Ó lè gbé ìwé ẹ̀sùn náà sórí tábìlì ilé, kó lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ará ìlú; ìgbìmọ̀ náà yóò kọ̀wé pe iléeṣẹ́ mínísítà. Ọ̀nà yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n yín kò ní sọnù. Ó sì lè gbé àbá kalẹ̀ fún gbogbo ilé, èyí tó dára bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ni wọ́n tì.

Ẹ jẹ́ ká tú àbá yìí palẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Apá àkọ́kọ́ máa ń sọ pé ilé ṣàkíyèsí èyí, pé ọ̀rọ̀ náà ká ilé lára. Apá kejì ni ohun tí ilé pinnu. Tí ẹ bá rí i níbẹ̀ pé ilé "rọ" ìjọba àpapọ̀ láti wá nǹkan ṣe, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sómi: ẹni tí a rọ̀ lè má dáhùn. Ohun tí ẹ fẹ́ ni kí ilé pàṣẹ fún ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè láti pe mínísítà, kí ó sì mú àbọ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ bẹ aṣòfin yín kó jẹ́ kí ẹ ka àbá náà kí ó tó kà á nílé.

Nígbà tí mínísítà bá wá dúró níwájú ìgbìmọ̀, ẹ wo ìbéèrè méjì yìí. Èkíní: "Kí ni ìjọba ń ṣe nípa ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn wa ní Gáná?" Èyí á jẹ́ kó fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ nípa àjọṣe ọlọ́jọ́ pípẹ́. Èkejì: "Ọjọ́ wo ni iléeṣẹ́ yín kọ̀wé sí ìjọba Gáná lórí ṣọ́ọ̀bù Kumasi?" Kí wọ́n dúró gbọ́ èsì. "Ọjọ́ wo ni wọ́n dáhùn?" Kí wọ́n tún dúró. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní ẹ̀dà méjèèjì." Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa bi í. Bí wọ́n bá to márùn-ún pọ̀, èyí tó rọ̀ jù ni yóò mú dáhùn, yóò sì jókòó.

Kí aṣòfin náà sì ka òfin kó tó lọ. Òfin tí Gáná ṣe ní 2013 béèrè mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àjòjì tó bá fẹ́ ṣòwò títà rírà, pẹ̀lú ó kéré tán 20 ọmọ Gáná tó mọṣẹ́ dunjú. Ó sì fi àtẹ ọjà sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 sì fún ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ó tún la ọ̀nà sílẹ̀ fún ìgbélùú àti dídá òwò sílẹ̀. Àárín òfin méjì yìí ni ìjà wà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Femi Gbajabiamila tó jẹ́ abẹnugan ilé aṣojú-ṣòfin nígbà náà lọ sí Accra fúnra rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó bá àwọn aṣòfin ibẹ̀ àti ààrẹ wọn sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹnì kan máa bi mínísítà lọ́dọọdún ni ibi tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dé.

Mínísítà á ní "ọ̀rọ̀ náà gbẹgẹ́, a ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀". Ṣé ibẹ̀ ló parí sí ni? (Awakọ̀, Owódé, Ọ̀yọ́)

Rárá o. Bí ọ̀rọ̀ bá gbẹgẹ́ lóòótọ́, kí alága ìgbìmọ̀ lé àwọn oníròyìn síta, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, kí mínísítà sì sọ ọ́ fún wọn ní bòńkẹ́lẹ́. Ohun tó gbẹgẹ́ fún etí ará ìlú kò tìtorí bẹ́ẹ̀ gbẹgẹ́ fún ìgbìmọ̀. Bó bá ní òun yóò fi èsì ránṣẹ́, kí wọ́n dá ọjọ́ fún un, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà míì, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ni mínísítà máa rán wá. Inú máa ń bí àwọn aṣòfin, wọ́n á lé e padà. Lójú tiwa, ó yẹ kí wọ́n wo ohun tí wọ́n fẹ́ bi í ná. Bó bá jẹ́ ìpinnu ìjọba ni, kí wọ́n dúró de mínísítà. Bó bá jẹ́ owó, akọ̀wé àgbà ló ń ṣìṣirò rẹ̀, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n dá dúró.

Ẹ rántí ogun Sudan ní oṣù Kẹrin 2023. Geoffrey Onyeama, tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, sọ pé ìjọba fi $1.2 mílíọ̀nù háyà bọ́ọ̀sì 40 láti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ sí ẹnubodè Íjíbítì. Ìròyìn wá gbòde pé àwọn awakọ̀ kan dúró sínú aṣálẹ̀ nítorí owó. Ẹ pín owó yẹn: $30,000 ló kan bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò kékeré yìí ló ń bí ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ni wọ́n san owó náà fún? Ọjọ́ wo? Èló ni wọ́n kọ́kọ́ san, èló ló kù? Ta ló fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọlọ́kọ̀? Ẹni bá bèèrè báyìí kò ní gba "a ń sapá" lésì.

Ǹjẹ́ Ààrẹ lè kó ọmọ ogun wa lọ sí ìlú òkèèrè láìbi ẹnikẹ́ni? (Ìyá ọmọ ogun kan, ẹ̀bá ọjà Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ọlọ́run yóò dáàbò bo ọmọ yín, màmá. Abala 5 sọ pé ilé aṣòfin àgbà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ọmọ ogun wa tó lọ jà nílẹ̀ òkèèrè. Bí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, Ààrẹ lè rán wọn lọ lẹ́yìn tó bá ti fikùn lukùn pẹ̀lú ìgbìmọ̀ ètò ààbò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tọ ilé aṣòfin àgbà lọ láàárín ọjọ́ méje tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, ilé sì ní ọjọ́ 14 láti gbà tàbí láti kọ̀.

A ti rí méjèèjì. Lẹ́yìn ìfipágbàjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, Ààrẹ Tinubu kọ̀wé sí ilé aṣòfin àgbà. Kò sí mínísítà kankan nígbà náà, àárín ìgbà tí wọ́n ń yẹ wọ́n wò gan-an ni, torí náà ìwé Ààrẹ nìkan ni wọ́n rí gbájú mọ́. Wọn kò fọwọ́ sí ogun. Wọ́n ní kí ECOWAS fi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá 2025, nígbà tí àwọn ológun kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Bẹ̀nẹ̀ tí ìpínlẹ̀ wa bá pààlà, ọkọ̀ òfuurufú ogun wa ti lọ kí ìwé tó dé ilé. Lẹ́yìn náà ni ilé fọwọ́ sí i. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n rí i pé wọ́n bi mínísítà ètò ààbò nírú ìgbà báyìí ni iye ọmọ ogun tó lọ, ẹni tí wọ́n wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọn yóò padà.

Ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn Samoa ká tó gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣé àwa ará ìlú lè bi mínísítà ní tiwa? (Akẹ́kọ̀ọ́, LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́)

Àdéhùn àjọṣe láàárín àjọ ilẹ̀ Yúróòpù (EU) àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Caribbean àti Pacific ni àdéhùn Samoa. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2024 ni Nàìjíríà fọwọ́ sí i. Ariwo ta nígbà tí mínísítà ètò ìṣúná, Atiku Bagudu, mẹ́nu bà á lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ilé aṣojú-ṣòfin sì ní kí ìjọba dá a dúró ná kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kíyè sí i pé mínísítà ètò ìṣúná ni, kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè. Òwò, ogun, ọkọ̀ òfuurufú, gbèsè: gbogbo wọn ló ní apá òkèèrè, ẹni tí wọ́n bá sì pè láṣìṣe á dá wọn lóhùn pé kì í ṣe ọ́fíìsì òun. Abala 12 òfin ìpìlẹ̀ 1999 sọ pé àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn kò di òfin ní Nàìjíríà àfi tí ilé aṣòfin bá sọ ọ́ dòfin.

Ilé aṣòfin àgbà tún ní ibi tí ó ti lè fún ìjọba lọ́rùn: abala 171 ní aṣojú wa sílẹ̀ òkèèrè kò lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjẹ́ pé ilé náà fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀. Ìjọba pe àwọn aṣojú padà wálé ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Oṣù Kọkànlá 2025 ni orúkọ àwọn tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ilé. Bí wọ́n bá wá ń sọ fún ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò pé kó tẹríba kó máa lọ, ó dùn wá, torí ọjọ́ yẹn nìkan ló wà lábẹ́ ọwọ́ wọn pátápátá.

Ní ti ìbéèrè tiyín: bẹ́ẹ̀ ni. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fèsì, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje kún un. Abala 11 gbà wọ́n láyè láti kọ̀ bí ìwé náà bá lè ba àjọṣe wa pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè jẹ́, àmọ́ kò gbà wọ́n láyè bí àǹfààní ará ìlú bá ju ìpalára rẹ̀ lọ. Ẹ dárúkọ ìwé kan pàtó àti ọjọ́ rẹ̀. Ẹ má kọ "gbogbo ohun tó jẹ mọ́ Samoa". Ẹ rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ̀, 30 ọjọ́ ni ẹ ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ, láti ọjọ́ tí wọ́n kọ̀.