Ibi tí ìyá ọkọ yóò sùn nínú yàrá kan àti pálọ̀

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀ o. Ẹ ní ìyá ọkọ yín àti àbúrò wọn ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú, ẹ sì ní bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ní Ṣómólú. Yàrá ni kí ẹ fún wọn. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì sí pálọ̀.

Àfi tí ilé ìyàgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ pálọ̀, tí màmá sì máa ń jí tọ̀ lóru. Ìyẹn yí i padà: ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wá sí pálọ̀ fún wọn, kí wọ́n má baà máa dá yín kọjá lókùnkùn.

1. Tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn bá jẹ́ tuntun, ẹ tú u sá síbi ibòji fún wákàtí 24 kí ẹ tó so ó, kó má baà yún wọn lára.

2. Ẹ pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí wọ́n tó dé.

3. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí bákónì tàbí ẹ̀bá fèrèsé, ooru ì báà mú tó báwo. Èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn lójú oorun. Ẹ yá fáànù oníbátìrì.

Ti oúnjẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Wọn ò ní ṣàìgbé gàrí tiwọn dání.