Ẹ Béèrè, Mo Dáhùn: Ilé Ti Wà, Àṣẹ Ńkọ́?

Lẹ́tà mẹ́ta ni mo mú nínú àpò ìbéèrè oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà sílé sì ni gbogbo wọn. Fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, mo ṣe mánéjà ilé àwọn ọmọdé, ìyẹn ilé tí káńsù (ìjọba ìbílẹ̀) ń fi ọmọ tí kò lè gbé lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ sí, ní England kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní báyìí, èmi ni àlejò tí òfin ní kó máa yọ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kó sì kọ ohun tó bá rí.

*

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Manchester lèmi àti ìyàwó mi ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, èmi ń ṣiṣẹ́ kéèrì nílé àwọn arúgbó. A ti ra ilé oníyàrá mẹ́rin kan ní Oldham, a ti forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ ní Companies House, a sì ti sanwó fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ìwé ìlànà ilé ọmọ lórí WhatsApp. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta a ó ti gba ọmọ mẹ́ta, pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni káńsù ń san lọ́sẹ̀ lórí ọmọ kan. Ọ̀rẹ́ wa kan tún ní ká kọ́kọ́ gba ọmọ kan ná, ká máa bá ìwé lọ lẹ́yìn. Kí lẹ rí sí i?*
*Bàbá Ìbejì, Manchester*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìdáwọ́lé. Ibi tí ọ̀rẹ́ yín parí ọ̀rọ̀ sí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ló lè gbé yín dé ilé ẹjọ́. Òfin kan wà ní England tí wọ́n ń pè ní Care Standards Act, ti ọdún 2000. Abala 11 rẹ̀ ní ẹni tó bá ṣí ilé àwọn ọmọdé, tàbí tó ṣe mánéjà ibẹ̀, láìforúkọ sílẹ̀, ó ti rú òfin. Òfin ò ní ó di ọmọ mẹ́ta. Ọmọ kan ṣoṣo lábẹ́ ìtọ́jú yín ti tó. Kódà kí káńsù fúnra wọn tẹ̀ yín láago lálẹ́ Ẹtì, kí wọ́n máa bẹ̀ yín pé àwọn ò ríbi fi ọmọ kan sí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn lòfin máa mú. Wọ́n sì máa ń pè bẹ́ẹ̀, mi ò ní tàn yín.

Ofsted, àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé ìwé àti ilé àwọn ọmọdé wò, ló ń fúnni ní àṣẹ yìí láti oṣù kẹrin ọdún 2007. Ní ti Companies House, bí ẹni sọ ọmọ lórúkọ ni: orúkọ ò ní kó mọ mọ́tò wà. Ofsted máa yẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ilé wò, wọ́n á yẹ mánéjà wò lọ́tọ̀, wọ́n á yẹ ilé náà àti àdúgbò rẹ̀ wò. Ẹ rántí pé England nìkan ni mò ń sọ. Wales, Scotland àti Northern Ireland ní àjọ tiwọn.

Ọ̀rọ̀ mánéjà ló máa kọ́kọ́ dá yín dúró. Ìlànà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 ní mánéjà gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ tó jẹ mọ́ ìtọ́jú ọmọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì, ó kéré tán, láàárín ọdún márùn-ún tó kọjá, kó sì ti ṣe ọ̀gá lórí àwọn olùtọ́jú fún ọdún kan. Dípúlómà Level 5 tún wà, tó gbọ́dọ̀ gbà láàárín ọdún mẹ́ta tó bá bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó yín lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó dáńtọ́, ẹ̀yin náà lè mọ àgbà tọ́jú dáadáa, kò kà níbí. Ẹ máa ní láti gba ẹlòmíràn síṣẹ́, irú wọn ò pọ̀, owó wọn ò kéré. Ẹ ó ti máa san án kí ọmọ kankan tó wọlé, torí ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìwé tẹ́ ẹ rà lórí WhatsApp, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo ti ka irú ẹ̀ rí. Kent ni ilé náà wà, ìwé wá ń ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá Leeds bí ọmọ bá sọnù! Àwọn Ofsted máa jókòó ti mánéjà yín, wọ́n á bi í ní nǹkan bí èyí: ọmọdébìnrin ọmọ ọdún 14 jáde láago mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù rẹ̀ ti kú, mọ́tò kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ ló wá gbé e, kí lẹ máa ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́? Ìwé tí ẹlòmíràn kọ ò lè báa dáhùn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ èyí tí wọ́n ń pè ní Statement of Purpose: irú ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ọjọ́ orí wọn, iye wọn, ìṣòro tẹ́ ẹ lè bójú tó àti èyí tápá yín ò ká. Ilé tó bá ní gbogbo ọmọ lòun ń gbà, ọkàn mi kì í balẹ̀ síbẹ̀.

Oldham náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àríwá ìwọ̀-oòrùn England ni ilé àwọn ọmọdé pọ̀ sí jù, torí ilé ò wọ́n níbẹ̀ bíi ti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń gbé ọmọ kúrò nítòsí ìyá rẹ̀, ìyá ìyá rẹ̀ àti ilé ìwé rẹ̀, wọ́n ń gbé e lọ síbi tí kò mọ ẹnì kankan. Wọ́n á bi yín ìdí tó fi jẹ́ àdúgbò yẹn lẹ yàn: ta ló ń gbé ní ojúlé kejì, ṣé àwọn tó ń fi ọmọdé gbé oògùn olóró wà nítòsí? Ẹ tún kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́ ní káńsù kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí àtúnṣe. C3 ni wọ́n ń pe ilé tí ìdílé ń gbé, ilé àwọn ọmọdé sì sábà máa ń bọ́ sí C2, ìyẹn ilé ìtọ́jú tí èèyàn ń gbé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìdáhùn wọn sínú ìwé.

Òótọ́ ni pé owó náà tóbi, ṣùgbọ́n àṣẹ Ofsted kì í ṣe àdéhùn iṣẹ́. Kò sí káńsù tó di dandan fún láti gbé ọmọ wá fún yín. Ẹ ó sì máa san owó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ofsted máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, láìsọ fún yín tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fún yín ní “Inadequate,” máàkì tó burú jù, àwọn káńsù á sá.

Èmi tí mò ń wá lóṣooṣù ńkọ́? Mo máa ń kọ́kọ́ dé ilé ìdáná. Fìríìjì tí wọ́n fi àgádágodo tì ti sọ tẹnu rẹ̀ fún mi kí mánéjà tó lanu. Bí ọmọdébìnrin dúdú bá wà níbẹ̀, mo máa ń béèrè ẹni tó ń di irun rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ fi ilé Oldham yẹn háyà fún ìdílé kan. Kí ọ̀kan nínú yín lọ gbaṣẹ́ nílé àwọn ọmọdé, kó ṣe é fún ọdún méjì. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ẹ nígbà náà, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ gba ọmọ ọdún 16 àti 17 torí pé ìyẹn ò gba àṣẹ. Láyé àtijọ́ ni. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìyẹn náà ti wọ abẹ́ Ofsted.

*

*Màmá wa, ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nílé mi n'Íbàdàn. Àwọn kan, ìyá wọn ló gbé wọn sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọlọ́pàá ló gbé òmíràn wá. Lóyà ti bá wa gba ìwé CAC. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn wẹ́fíà dé, wọ́n ní a ò láṣẹ, pé àwọn lè kó àwọn ọmọ lọ. Ṣé àánú ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?*
*Ìyá Ìjọ, Ìbàdàn*

Ìyá Ìjọ, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ìwé CAC sọ pé ẹgbẹ́ yín wà, ó lè ní àkáǹtì, ó lè ra ilẹ̀. Kò sọ pé ẹ lè gba ọmọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní ìyẹn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 2003, Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ ní 2006, Èkó ní 2007.

Ìwé yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ìwé àwọn ọmọ ni. Ǹjẹ́ fáìlì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn? Ọjọ́ tó dé, ẹni tó gbé e wá, àgọ́ ọlọ́pàá wo, fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn kan ń fi orúkọ ilé ọmọ aláìníyàá bojú láti ta ọmọ. Abala 30 òfin àpapọ̀ yẹn fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá dè é. Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tó bá rí ọmọ mẹ́sàn-án láìsí fáìlì kan, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin kì í ṣe irú wọn?

Ẹ má dúró kí wọ́n tún padà wá. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sílẹ̀, ẹ mú un lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti wẹ́fíà, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè fún. Bí wọ́n bá ní àwọn máa mú ọmọ kan lọ, ẹ béèrè ibi tó ń lọ, kí wọ́n kọ ọ́ fún yín. Ẹ má gbé ọmọ kankan pamọ́ sílé ọmọ ìjọ. Tọkọtaya tó bá wá pẹ̀lú àpòòwé, tó ní òun fẹ́ gba ọmọ tọ́, kóòtù ni kẹ́ ẹ júwe fún un. Kóòtù nìkan ló lè fi ọmọ fún ẹlòmíràn láti sọ di tirẹ̀.

*

*Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 13 kan ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Dagenham láti oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọmọ àbúrò bàbá mi ló bí i, ìyá rẹ̀ sì ti padà s'Ékòó. Ilé ìwé rẹ̀ ti sọ fún káńsù. Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ilé mi di ilé ọmọ ni?*
*Àǹtí Bísí*

Rárá o, Àǹtí Bísí. Private fostering ni wọ́n ń pe èyí, kò gba àṣẹ Ofsted, ṣùgbọ́n ó gba pé kẹ́ ẹ sọ fún káńsù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, tó máa lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí tàbí ìbátan tó sún mọ́ ọn, ló kàn. Àwọn tí òfin kà sí ìbátan bẹ́ẹ̀ ni òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀, bó ti wù kí mọ̀lẹ́bí yín ṣọ̀kan tó. Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Ivory Coast tó kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2000, ọ̀dọ̀ àǹtí bàbá rẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn ìwádìí ikú rẹ̀ ni wọ́n tún òfin yìí mú le.

Ó yẹ kẹ́ ẹ ti sọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ó ti kọjá, ẹ pè wọ́n fúnra yín lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á wo ibi tó ń sùn, wọ́n á béèrè àwọn àgbà tó wà nílé, wọ́n á sì bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ jáde kúrò ní pálọ̀ láìbínú. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ní ọdún àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì ni òfin mọ̀ fún ìpinnu ńlá lórí rẹ̀, torí náà ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó fọwọ́ sí i kó wà lọ́dọ̀ yín, pé ẹ sì lè gbé e lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ tó ń lọ s'Ékòó sí i.