Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: ṣé àjẹ́ náà ló pa á?

Ìbéèrè: Mo fi fóònù ẹ̀gbọ́n mi pe ẹnìkan lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù ò tàn mọ́. Mo ní kì í ṣe èmi, wọ́n ní: "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Kí ni ìtumọ̀ òwe yìí gan-an, kí ni mo sì lè fi dá wọn lóhùn?

Ìdáhùn: Ẹni tó ń pa òwe yìí ń sọ pé ohun tó ṣáájú ló fa èyí tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ò sì nílò ẹlẹ́rìí. Ibi tó ti bá a mu jù ni ibi tí wọ́n ti halẹ̀ mọ́ èèyàn. Ẹnìkan na ìka sí yín lójú lánàá pé "ẹ ó rí mi," ẹ jí lónìí, ẹ bá táyà ọkọ̀ yín tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ gún un. Ta ni kò ní kọ́kọ́ fura sí onítọ̀hún? Ṣùgbọ́n ìhalẹ̀ yẹn ló mú ìfura wá, kì í ṣe pé àná ṣáájú òní.

Ẹ mú ìhalẹ̀ kúrò, kí ló kù? Pé àná ṣáájú òní nìkan ló kù. Àṣìṣe kí èèyàn fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí ti pẹ́ láyé débi pé ó ní orúkọ lédè Látìn: post hoc ergo propter hoc, ìyẹn "lẹ́yìn èyí, nítorí náà, nítorí èyí." Òru kan ṣoṣo ni òwe náà kà. Òru mélòó ni àjẹ́ ké tí ọmọ jí ire? Ọmọ mélòó ló kú lóru tí ohunkóhun ò dún? Àwọn òru wọ̀nyẹn kì í wọ ìtàn.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Lọ́dún 1998, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa ọmọ 12. Àwọn òbí kan nínú wọn sọ pé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, èyí tó ń dènà éèyi (measles), ṣègede (mumps) àti rubella, ni àmì ọ́tísíìmù (ipò ọpọlọ tó ń mú kí ọmọ máa sọ̀rọ̀, kó sì máa bá èèyàn lò lọ́nà tó yàtọ̀) yọ lára ọmọ wọn. Ìbẹ̀rù gbalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àsìkò tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ náà ni àmì yìí sábà máa ń hàn, ìbáà gbà á, ìbáà má gbà á. Ní 2002, àwọn olùwádìí ní Denmark ka ọmọ tó lé ní 500,000, àwọn tó gbà á àti àwọn tí kò gbà á. Ọ́tísíìmù ò pọ̀ sí i lára àwọn tó gbà á. Ní 2010, Lancet fagi lé àpilẹ̀kọ náà. Kí ni àwọn ará Denmark ṣe? Wọ́n ka òru tí àjẹ́ ké, wọ́n sì ka èyí tí kò ké.

Ẹ̀tàn kejì tún wà nínú òwe náà, òun ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù: "ta ni kò mọ̀?" Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè rárá, ọ̀nà láti pa èèyàn lẹ́nu mọ́ ni. Bí ẹ bá ní ẹ̀yin ò mọ̀, ẹ ti di òmùgọ̀ kan ṣoṣo láàárín àwọn tó mọ̀.

Ní ti fóònù, ẹ má fi òwe mìíràn já òwe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ ó jà di alẹ́ ni. Ẹ rọra bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà mélòó ni mo ti fi fóònù yìí pe èèyàn, tí fóònù náà kò sì kú?" Kí wọ́n wá fi ṣájà mìíràn dán an wò, kí wọ́n wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bátìrì ti wú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ó bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ ń pè lálẹ́, tí ẹ sì dákẹ́, a jẹ́ pé àjẹ́ àná náà ló pa á o.