Scan kọ́ lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wáyà Trinidad

Ìbéèrè yín ni pé ẹgbẹ́ yín fẹ́ kó ọgbọ́n àwọn tó ń tẹ wáyà di egungun aṣọ àti ìyẹ́ ńlá fún Carnival Trinidad sínú áàpù kan tí ará àdúgbò á máa fi kọ́ṣẹ́, ẹ sì fẹ́ mọ irú ẹ̀rọ scan, èyí tó ń ya nǹkan di àwòrán 3D, tí ẹ máa rà. Ẹ fi owó yẹn sápò ná.

Wáyà àti scan kì í rẹ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ bíi 3 mm, tó ń dán, tí afẹ́fẹ́ sì ń mì: fóònù tó ń to fótò pọ̀ di àwòrán 3D kò ní rí ibi tó máa dì mú lára rẹ̀. Ìyẹ́ tó já sí méjì lẹ máa rí, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ọn bí ọ̀dà. Bó bá di dandan kí ẹ yà á, ẹ bu àtíkè lé wáyà náà kó má dán mọ́, kí ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn sábẹ́ rẹ̀, torí lẹ́tà inú ìwé ìròyìn ni fóònù á fi mọ ibi tó wà. Ẹ ya fótò 60 ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo bí ìdá méje nínú mẹ́wàá èyí tó ṣáájú rẹ̀, kí rúlà sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, ìrísí nìkan lẹ máa rí gbà, ìrísí kì í sì í kọ́ èèyàn níṣẹ́.

Ohun tí ọwọ́ oníṣẹ́ mọ̀ ni èyí tó kọ́kọ́ ń tẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e, àti ibi tó ti ń dì í. Vernelle Noel, ọmọ Trinidad tó kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé, ti la ọ̀nà yìí. Ó wo iṣẹ́ Albert Bailey àti Stephen Derek, àwọn tó ń tẹ wáyà, ó sì tú u sí òfin kéékèèké bíi ti gírámà: wáyà báyìí, oríkèé báyìí, ohun tó lè tẹ̀ lé e nìyí. Bailey-Derek Grammar ló pè é. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ àwọn oníṣẹ́ ló wà níwájú.

Ẹ so fóònù kan sókè tábìlì, kí èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́, kí ẹ sì bẹ oníṣẹ́ náà pé kó fi wáyà ṣe ewé kan péré. Ewé kan tó. Fún ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: bí wáyà ṣe gùn kó tó di títẹ̀, bó ṣe nípọn tó, ibi tí pùláyà ti dì í mú, àti bí oníṣẹ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tó ń lọ tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Wáyà a máa ta padà. Ẹni tó bá fẹ́ igun 90 gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá 90. Bó bá jẹ́ igun ìkẹyìn nìkan ni áàpù fi hàn, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ á máa là sílẹ̀ ni, á sì rò pé ọwọ́ òun ni kò dáa.

Gígé náà ní tirẹ̀. Òrùka tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 mm ń gba wáyà 942 mm, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi 50 mm kún un kí orí méjèèjì lè gun ara wọn. Ẹni tó bá gé 942 géérégé á rí òrùka 284 mm. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì nìkan kí ẹ wo bí ìyẹ́ méjèèjì á ṣe máa bára wọn jà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi di ibi tí wọ́n ti gun ara wọn, kí téèpù bò ó, kí ṣónṣó rẹ̀ sì kọjú sínú, torí ó ń ya aṣọ, ó sì ń ya ara.

Ọ̀pá fàíbà, tí wọ́n tún ń lò fún aṣọ Carnival, yàtọ̀ sí wáyà. Kì í gba ìtẹ̀. Ó kàn ń rọ ni, á tún padà, ìdí nìyẹn tó fi dára fún ìyẹ́ ńlá. Bí ẹ bá fipá ká a, á là wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ẹ wé téèpù mọ́ ibi tí ẹ fẹ́ gé, kí ẹ bo imú àti ọwọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń yúnni.

Bí ẹ bá ń tẹ pátánì jáde fún àwọn tí kò ní fóònù, ẹ ya onígun mẹ́rin 100 mm sí igun ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé a máa fún àwòrán pọ̀ kó lè bá ìwé mu, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí 100 bá di 96, ìyẹ́ 1500 mm ti pàdánù 60 mm nìyẹn.

Ìyẹn ni ti wáyà. Àmọ́ aṣọ tí a fi kọ́ ògiri kì í ṣe eégún, bẹ́ẹ̀ náà ni mas, ìyẹn eré aṣọ Carnival Trinidad, rí. Nígbà tí Peter Minshall, oníṣẹ́ ọnà mas, gbé Tan Tan àti Saga Boy jáde lọ́dún 1990, ara oníjó ni wọ́n so àwọn ère ńlá náà mọ́. Bí oníjó bá gbé ẹsẹ̀, ère á gbé ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya fídíò ẹni tó gbé e wọ̀ tó ń jó, kí ẹ kọ ibi tí ìwúwo rẹ̀ dé sí: èjìká ni àbí ìbàdí.

Ti àwùjọ tí ẹ ń wá, inú mas camp, àgọ́ tí wọ́n ti ń ṣe aṣọ náà, gan-an ni kí ẹ ti wò ó. Àwòrán aṣọ wà lára ògiri, ẹgbẹ́ pín sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ á rí nǹkan kan lẹ̀, á sì parí rẹ̀ kó tó lọ sùn. Ẹ ṣe áàpù bẹ́ẹ̀: káàdì kan, iṣẹ́ kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó sì ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, látorí kọ̀ǹpútà kékeré kan tó wà nínú àgọ́ náà.

Lórí àṣẹ, ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bi oníṣẹ́: ṣé kí èèyàn wò ó, ṣé kí wọ́n ṣe é, ṣé kí wọ́n tà á? Ẹni tó gbà kí wọ́n wo iṣẹ́ òun lè má gbà kí ilé iṣẹ́ òkèèrè máa tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́pọ̀ yanturu.

Ẹ má sì lọ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Carnival, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn. Lẹ́yìn Ọjọ́rú Eérú ni kí ẹ lọ. Ọwọ́ ti dilẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́, torí wọ́n á ti máa tú egungun wáyà àwọn aṣọ náà kí wọ́n lè tún un lò lọ́dún tó ń bọ̀.