Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ohun Tí Wọ́n Ṣe sí Kọfí Kó Tó Gbẹ Ló Ń Sọ Bó Ṣe Máa Dùn

Lẹ́tà lórí kọfí pọ̀ lóṣù yìí, a sì mú márùn-ún nínú wọn. Àwọn tó ń yan kọfí, tí wọ́n sì ń rà á tààrà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ló dáhùn.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo ra àpò kọfí méjì nílé ìyankọfí kékeré kan ní Peckham. Yirgacheffe láti Ethiopia ni méjèèjì. Wọ́n kọ "washed" sára ọ̀kan, wọ́n kọ "natural" sára èkejì. Ti àkọ́kọ́ fúyẹ́ lẹ́nu bíi tíì tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Èkejì ń ta sánsán bí èso tó pọ́n jù, ó sì fẹ́ jọ ọtí. Ṣé wọ́n fi nǹkan sí i ni? (Òǹkàwé kan, London)

Wọn ò fi nǹkan kan sí i. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe sí èso náà láàárín ọjọ́ tí wọ́n ká a àti ọjọ́ tó gbẹ.

Kóró inú èso ni kọfí tí à ń lọ̀. Lábẹ́ èèpo pupa ni ẹran èso wà. Lábẹ́ ẹran yẹn ni ohun kan tó ń yọ̀, tó lẹ̀ mọ́ kóró típẹ́típẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèpo líle inú, kí a tó kan kóró fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á bó èèpo ìta kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n ká a, wọ́n á da kóró sínú kòtò onísìmẹ́ǹtì kí ohun yíyọ̀ yẹn lè kan, kó sì tú. Yirgacheffe ga tó nǹkan bíi mítà 1,700 sí 2,200 ju òkun lọ, òtútù ibẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí èyí gba ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Wọ́n á wá ṣan án mọ́, wọ́n á sá a fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí márùndínlógún. Àwọn ọdún 1970 ni ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ ní Ethiopia. Sísá odindi èso ló ti wà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, òun náà ni wọ́n ṣì fi mọ Harar, agbègbè kọfí mìíràn níbẹ̀, títí dòní. Ohun tí wọ́n ń pè ní "natural" nìyẹn: èèpo àti ẹran á wà lára kóró nínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ṣúgà inú ẹran èso ló ń wọ inú kóró lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an. Kóró kọfí ṣì wà láàyè nígbà tí wọ́n ká a. Bí a bá bó o tí a sì rẹ ẹ́ sómi, ó máa ń múra àtihù, á wá máa jẹ nínú glúkóòsì àti frúkítóòsì tó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kóró tí a sá pẹ̀lú èèpo fi máa ń ní irú ṣúgà wọ̀nyí ju èyí tí a fọ̀ lọ. Ní ti òórùn èso, ìwúkàrà àti bakitéríà ló ń ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń jẹ ẹran èso náà, òórùn tí wọ́n ń mú jáde sì ń wọ kóró lára. Kíkan bí ọsàn tí ẹ gbọ́ nínú ti àkọ́kọ́ wà nínú èkejì náà. Fífọ̀ kò fi kún un, ó kàn ká ohun tó bò ó kúrò ni.

Òórùn ọtí díẹ̀ kò burú. Àmọ́ bó bá di òórùn fínígà tàbí ti àlùbọ́sà, wọ́n sá a nípọn jù ni, tàbí wọn ò yí i bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ lọ̀ gíráàmù 11 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má kúnná jù, ẹ dà á sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ da mílílítà 200 omi tó tó dígírì 93 lé e lórí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ fi ṣíbí ti ohun tó léfòó sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ kó fóòmù rẹ̀ dànù. Ẹ tọ́ ọ wò nígbà tó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, ẹ tún tọ́ ọ wò nígbà tó bá tutù pátápátá. Kọfí tó ní àbùkù kì í lè fi pamọ́ bó bá ti tutù.

Ẹ̀gbọ́n mi fi oko kòkó àti kọfí rọ̀bọ́sítà díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lẹ́bàá Kabba. Kòkó ni mo mọ̀ dáadáa: mo máa ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ mẹ́fà kí n tó sá a. Ṣé kí n bo kọfí bẹ́ẹ̀ náà? Omi ò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. (Àgbẹ̀ kan, ìpínlẹ̀ Kogi)

Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bò ó. Ooru ni kòkó ń fẹ́: òkìtì tí ẹ bò yẹn máa ń gbóná tó dígírì 45 sí 50, ooru náà ló ń pa kóró, ibẹ̀ sì ni adùn ṣokoléètì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọfí kò fẹ́ irú ooru bẹ́ẹ̀ rárá. Bí èso kọfí bá sun inú àpò mọ́jú lásán, ó ti ń gbóná nìyẹn, kóró mélòó kan á sì jẹrà nínú rẹ̀. Ẹyọ kan irú kóró bẹ́ẹ̀ tó láti ba odindi ife jẹ́, kò sì sí bí ẹni tó ń yan án ṣe lè tún un ṣe.

Nítorí omi tí kò pọ̀, sísá odindi èso la máa gbà yín nímọ̀ràn. Èso tó pupa dénú nìkan ni kí ẹ ká. Ẹ má fi ọwọ́ fa ẹ̀ka láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ da èso sínú bàsíà omi kan: èyí tó bá léfòó, kòkòrò ti jẹ ẹ́ tàbí kò yó nínú, ẹ kó o sọ́tọ̀. Omi bàsíà kan lè ṣe púpọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ tó ṣòro jù, òun náà ló sì ń sọ iye tí ẹ máa rí gbà. Ẹ fi igi kan pẹpẹ tó ga dé ìbàdí, ẹ ta àwọ̀n sí i lórí, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba òkè gba ìsàlẹ̀. Ẹ má sá a sórí ilẹ̀ tàbí etí títì, nítorí òórùn ilẹ̀ àti ti ọ̀dà máa ń wọ inú kóró. Fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìpele kan péré, èso ò gbọdọ̀ gun ara wọn, kí ẹ sì máa yí i ní wákàtí wákàtí. Bí èèpo bá ti ń hunjọ, tó sì ń dúdú, ẹ lè jẹ́ kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún. Ẹ bò ó lálaalẹ́ nítorí ìrì. Ẹ tún bò ó lọ́sàn-án gangan bí oòrùn bá mú jù, nítorí kóró kò gbọdọ̀ gbóná ju dígírì 40 lọ. Bí ìkórè yín bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ẹ ṣọ́ra gidigidi: atẹ́gùn ọyẹ́ máa ń gbẹ ìta kíá nígbà tí inú ṣì tutù, ẹ óò rò pé ó ti gbẹ, ẹ óò dì í sápò, èbu á sì mú un láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kọfí tó ti bu kò yẹ ní mímu, torí májèlé kan wà tí èbu ń mú jáde tí yíyan kì í pa tán.

Báwo lẹ óò ṣe mọ̀ pé ó gbẹ? Ẹ wọn kílò 10 èso tútù sínú apẹ̀rẹ̀ kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sàmì sí i, ẹ sá a lọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù. Bó bá ti já sí nǹkan bíi kílò mẹ́rin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ẹ fọ́ èso mélòó kan, ẹ fi eyín gé kóró wọn: bí eyín bá ṣì wọlé, kò tíì gbẹ. Ìwọ̀n tí ẹni tó ń rà á ń fẹ́ ni pé kí omi inú kóró wà láàárín 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń ṣèwádìí lórí kòkó ní Ìdí-Ayunrẹ́, n'Ìbàdàn, ń ṣiṣẹ́ lórí kọfí náà, ẹ sì lè kàn sí wọn.

Bí ẹ bá wá rí omi lọ́jọ́ iwájú tí ẹ fẹ́ máa fọ̀ ọ́, ẹ ránti pé ohun yíyọ̀ ti rọ̀bọ́sítà le ju ti arábíkà, oríṣi kọfí kejì, lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó tú. Ẹ má fi aago nìkan ṣe é. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fọwọ́ ra á: bó bá ń dún ṣàkàṣàkà bí òkúta wẹ́wẹ́, tí kò yọ̀ mọ́, ẹ ṣan án lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi kọjá bẹ́ẹ̀, á di kíkan burúkú. Omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́ náà kò gbọdọ̀ wọ odò, nítorí ó kan, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́. Kòtò tó jìnnà sí kànga ni kí ẹ dà á sí.

Ẹ dákun, ṣé oyin wà nínú kọfí tí wọ́n kọ "honey" sí lára? Mi ò gbọdọ̀ jẹ oyin. (Òǹkàwé kan, Ṣàgámù)

Kò sí oyin nínú rẹ̀. Wọ́n bó èèpo ìta, wọ́n fi ohun yíyọ̀ sílẹ̀ lára kóró, wọ́n sì sá a bẹ́ẹ̀. Ní Costa Rica, wọ́n máa ń pè é ní funfun, yẹ́lò, pupa tàbí dúdú, gẹ́gẹ́ bí ohun yíyọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó gbẹ. Ní Brazil pẹ̀lú, wọ́n ń ṣe irú rẹ̀. Adùn rẹ̀ wà láàárín ti méjèèjì tí a sọ lókè.

Mo ní ẹ̀rọ ìyankọfí oníkílò kan ní Abẹ́òkúta. Kọfí tí wọ́n fọ̀ máa ń jáde dáadáa lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá da natural sí i, etí kóró á jó, inú á sì máa rùn bíi koríko. Mi ò sì yí iná padà o. (Ẹni tó ń yan kọfí)

Àìyí iná padà yẹn gan-an ló fà á. Kóró tí a sá pẹ̀lú èèpo kì í sábà le tó èyí tí a fọ̀, ìyàngbò ara rẹ̀ sì pọ̀, ìyẹn ló ń tètè jó. Ẹ kún ìgò lítà kan pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọ̀n wọ́n. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, iná rẹ̀ àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kéré.

Ẹ fi gíráàmù 750 sí 800 ṣe é, kì í ṣe kílò kan. Ẹ dín ooru tí ẹ fi ń da kóró sí i kù ní dígírì 10 sí 15, kí ẹ sì jẹ́ kí iná wà níwọ̀nba títí kóró á fi di yẹ́lò, kí ooru lè ráyè dénú. Lásìkò yẹn ni kí ẹ ṣí afẹ́fẹ́ sí i kó lè gbé ìyàngbò jáde. Ẹ máa kó ìyàngbò kúrò nínú àgbá rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo yíyan, nítorí ó lè gbiná. Bí kóró bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ẹ tẹ́tí dáadáa: títa natural kì í fi bẹ́ẹ̀ dún, kì í sì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gbogbo rẹ̀ bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú kan àbọ̀ sí méjì lẹ́yìn títa àkọ́kọ́ ti tó. Ẹ wọn ohun tó jáde. Nínú gíráàmù 800, ó yẹ kó ku nǹkan bíi 680 sí 695. Bó bá kéré sí 665, èéfín ni ẹ óò máa mu. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àgbẹ̀ ṣe lórí pẹpẹ ti jóná nìyẹn.

Bó bá tutù, ẹ tẹ́ ẹ síbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹ ṣa kóró tó funfun láàárín àwọn yòókù kúrò. Èso tí kò pọ́n ló fà á. Wọ́n máa ń pọ̀ nínú natural nítorí èèpo bò wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà sísá, adùn wọn sì dà bíi bébà. Ẹ má bẹ̀rù bí ìlà àárín kóró natural bá dúdú. Bó ṣe rí nìyẹn. Ti kọfí fífọ̀ ló máa ń funfun. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún ó kéré tán ọjọ́ méje kí ẹ tó tà á.

Ilé ìyankọfí tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn ní Houston ní àwọn ń ṣe ẹ̀tọ́ fún àgbẹ̀, wọ́n sì ń tà á wọ́n. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni? (Ìyá oníkọfí)

Ẹ kú àfiyèsí, mà. Èso kílò mẹ́fà ló ń di kílò kan kóró gbígbẹ, yíyan á sì tún mú bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àpò gíráàmù 250 tí ẹ rà gba èso tó tó kílò kan àti gíráàmù 750, tí wọ́n fọwọ́ ká ní ẹyọ ẹyọ.

Àmì Fairtrade, tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ṣe ẹ̀tọ́ fún àgbẹ̀, ní iye tí kò gbọdọ̀ wálẹ̀ jù: ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n gbé e sí dọ́là kan àti sẹ́ńtì 80 fún pọ́n-ùn kan arábíkà tí wọ́n fọ̀, pẹ̀lú sẹ́ńtì 20 fún iṣẹ́ ìlú. Sẹ́ńtì márùn-ún ló fi dín fún èyí tí wọ́n sá pẹ̀lú èèpo. Lójú tiwa, ìyẹn kò bá iṣẹ́ mu mọ́, nítorí natural tó dára gba ọwọ́ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀ ni owó yẹn sì ń bọ́ sí lọ́wọ́, kì í ṣe àpò àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iye ọjà àgbáyé gòkè kọjá dọ́là mẹ́rin ní oṣù kejì ọdún 2025, ààbò tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè iye tí àgbẹ̀ gbà lórí kílò kan èso lẹ́nu oko. Ẹni tó rà á tààrà á mọ̀ ọ́n. Ẹ tún béèrè ẹni tó sá a àti bí wọ́n ṣe san owó fún un. Bí kọfí bá ń rùn bíi sínámọ́ọ̀nù tàbí èso kan pàtó, ẹ béèrè bóyá wọ́n da nǹkan sínú àgbá nígbà tó ń kan. Kò burú bí wọ́n bá ṣe é, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà lára àpò.

Ìbéèrè kan kù tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Ó ti di àṣà báyìí láti ní kí àgbẹ̀ pa èso mọ́ inú àgbá tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, kó lè ní adùn àrà ọ̀tọ̀. Bí àgbá kan bá bàjẹ́, ta ló ń jẹ gbèsè rẹ̀? Ilé ìyankọfí tó bá ń ṣe ẹ̀tọ́ á kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé iye tí àwọn fẹnu kò lé lórí làwọn máa san lórí èyí tí àwọn ní kí wọ́n dán wò, bó dùn bí kò dùn, wọ́n á sì san apá kan rẹ̀ kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀.